Àga Sáùtì-Wẹ́ẹ̀sì

Mi ò tíì pé ọdún kan ní Àbújá tí wọ́n fi gba orúkọ lọ́wọ́ mi, tí wọ́n fi odidi ìpínlẹ̀ mẹ́fà dí i. Sáùtì-Wẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pè mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bí mo bá ń rìn lọ ní Durumi níbi tí mò ń gbé, ẹnìkan lè yọrí látinú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó ké pé, "Sáùtì-Wẹ́ẹ̀sì, sànnu!", èmi náà á sì dáhùn bí ẹni pé orúkọ tí bàbá mi sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ nìyẹn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ti wá, àlejò ni mo máa ń dà tí mo bá ti kọjá mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Àbújá ló sọ mí di gbogbo ilẹ̀ Yorùbá láti Èkó títí dé Èkìtì, èmi tí mi ò dé Èkìtì rí.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo bá lọ. Wọ́n sọ fún mi nílé pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Àbújá kì í wọ kóòtù lọ́jọ́ Ẹtì, pé aṣọ ìbílẹ̀ ni, kí n yáa lọ máa rán an fún wọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí wọn ò sọ ni pé kálukú wọn ló ní télọ̀ nílùú rẹ̀, tó ń fi aṣọ ránṣẹ́ sí i nínú bọ́ọ̀sì. Mo háyà ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi kalẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo títì. Títì Àbújá fẹ̀, ó mọ́, àmọ́ o lè wò ó láti àárọ̀ di alẹ́ kí ẹnì kankan má pè ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìkíni ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo bá obìnrin kan tó ń fọ mọ́tò níwájú ilé. Ó jù mí lọ dáadáa, mo bá kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú otútù." Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí i pé òun ni, ó ní, "Abeg, I no get change." Yéè, mo gbé! Mo kí èèyàn, ó rò pé mo wá ṣagbe. Mo padà sínú yàrá, mo jókòó sórí ẹní, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Ẹ̀rín ni mo fi ń sọ ọ́ báyìí, àmọ́ lọ́jọ́ náà kò pa mí lẹ́rìn-ín rárá.

Ìyá mi ni mo máa ń pè tó bá ti rí bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun nìkan ló kù nínú ilé wa. Àwa méjì ló bí: èmi, àti àbúrò mi ọkùnrin, Bùràímọ̀, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Niamey nílẹ̀ Nìjẹ̀r, bí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣe láti ayé àwọn bàbá wa. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba níbẹ̀ tí wọ́n sì ti bódà, nọ́ńbà Bùràímọ̀ kò lọ mọ́. Àsìkò yẹn náà ni àrùn ojú kan bẹ̀rẹ̀ sí í jí ìríran ìyá mi lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní èyí tó ti lọ kò ní padà, pé oògùn tí wọ́n ń kán sí i kàn ń dá ìyókù dúró ni. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìyá mi ń sọ lórí fóònù.

"Kí n ṣáà rí Bùràímọ̀ kí ojú mi tó ṣú. Ìwọ lo wà ní Àbújá níbi tí wọ́n ti ń ti bódà. Bá mi bi wọ́n ìgbà tí wọ́n máa ṣí i."

Ẹ gbọ́ mi! Bí ẹni pé ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni bódà, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ aládùúgbò mi. Mo ní, "Ìyá, àwọn tó ń ti bódà kì í bá wa ra ẹ̀wà níbì kan náà." Ó ní kí n má pa òwe fún òun, kí n lọ bi wọ́n.

Àfi bí Ọlọ́run ṣe fi Màdáámù Láràbá ránṣẹ́ sí mi. Ó wá kí n bá a dín kaba rẹ̀ kù. Ìlọrin ló ti kàwé, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó wo gèlè orí mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ṣé Yorùbá gidi ni yín?"

Mo ní, "Ṣé ayédèrú wà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ máa ráyè lọ́jọ́bọ̀?"

Ètò tẹlifíṣàn ni Màdáámù yìí ń ṣe. Lọ́sàn-án gbogbo Ọjọ́bọ̀, nínú gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Life Camp, àwọn èèyàn ńláńlá á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á máa jíròrò lórí ìròyìn agbègbè wa yìí: Mali, Benin, Nìjẹ̀r, Burkina, ta ló gbàjọba, ta ló ń bínú sí ta. Bí wọ́n bá ṣe ń sọ ọ́ náà ni ayé ń gbọ́ ọ, kò sí pé à ń gé e, à ń tún un ṣe. Èrò ìwòran pọ̀ lẹ́yìn, àmọ́ àga mẹ́fà wà níwájú tí kámẹ́rà máa ń yà jù, ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà Nàìjíríà ló pín in, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ọkùnrin tó ń jókòó fún Yorùbá ti ríṣẹ́ ìjọba, ó ti lọ. Àga rẹ̀ ṣófo fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹnìkan sì ti ń pariwo kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n ti yọ ìran Yorùbá kúrò nínú Nàìjíríà.

"Ẹ kàn wé gèlè wá," Màdáámù wí. "Ẹ ò ní ṣe nǹkan kan. Ráìsì wà, owó ọkọ̀ wà."

Bí mo ṣe di Sáùtì-Wẹ́ẹ̀sì nìyẹn. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè orúkọ mi. Ẹni tó ń to iná á kàn ké pé, "Sáùtì-Wẹ́ẹ̀sì, gèlè yín ń bo Sáùtì-Sáùtì lójú o!" Màdáámù kọ́ wa ní ojú méjì: ojú ìdààmú àti ojú ìrètí. Tí àlejò bá ń sọ̀rọ̀ ìbọn, ojú ìdààmú. Tó bá ti dárúkọ àwọn ọ̀dọ́, ojú ìrètí. Mallam Bukar, àgbàlagbà orí àga Nọ́ọ̀tì-Ísìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ti mọ iṣẹ́ náà débi pé ó lè fi ojú ìdààmú sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò títí dé òpin. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Kai, Sáùtì-Wẹ́ẹ̀sì, ìwọ ṣì ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ? Abájọ tó fi ń rẹ̀ ẹ́."

Lọ́jọ́ kan, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kámẹ́rà kú. Gbọ̀ngàn yẹn kò ní fèrèsé, òkùnkùn biribiri. Àwọn àlejò kò tilẹ̀ fura pé ayé ò gbọ́ wọn mọ́. Wọ́n ń bá ìjà wọn lọ lórí ẹni tó yẹ kó gba Mali nímọ̀ràn, àwa náà ń pàtẹ́wọ́ fún wọn nínú òkùnkùn. Nígbà tí iná dé, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn.

Èmi ń gbọ́ ọ ní tèmi, nítorí bódà. Kò mú mi débì kan. Bí ẹnìkan bá ní lọ́sẹ̀ yìí pé wọ́n ti ṣí i, ẹlòmíràn á ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé irọ́ ni.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwa tó wà lórí àga máa bi àwọn àlejò ní ìbéèrè, ó sì kan èmi náà. Màdáámù kọ ìbéèrè fún mi, nǹkan kan nípa ààbò àti ọrọ̀ ajé, tó gùn débi pé mi ò lè kà á tán láì mí. Ìdajì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé màá sọ ìwé náà nù, ọ̀rọ̀ bódà ni màá bi wọ́n. Mo pe ìyá mi pé kó tan tẹlifíṣàn.

Wọ́n gbé maikirofóònù fún mi. Mo gbójú sókè, ta ni mo rí? Bàbá Àńbásádọ̀. Yorùbá ni wọ́n, wọ́n ti ṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè títí wọ́n fi fẹ̀yìntì, irun orí wọn funfun báláú. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Àgbàlagbà tó ju bàbá tó bí mi lọ, kí n nàró ṣánṣán níwájú wọn kí n máa bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀? Ilé ta ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán sà. Ẹ kú ìjókòó sà. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa." Mo kí ẹni tó wà lọ́tùn-ún wọn. Mo kí tòsì, torí kò dáa kéèyàn kí ẹnìkan kó fo ẹnì kejì. Mo kí atọ́kùn ètò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu pé, "Ìbéèrè mi ni pé," ni àkókò mi pé, wọ́n gba maikirofóònù lọ́wọ́ mi.

Inú Bàbá Àńbásádọ̀ dùn ṣìnkìn. "Káre, ọmọ dáadáa! Wọ́n kọ́ ọ nílé!" Àkókò tó yẹ kí wọ́n fi dáhùn ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi súre fún mi, ètò parí.

Mi ò tíì jáde nínú gbọ̀ngàn tí ìyá mi fi pè. Ó ní, "Mo rí ẹ, mo rí gèlè ẹ, àfi bí mi ò ṣe rí ẹ mọ́! Mo pariwo pé ojú mi ti lọ o! Àwọn aládùúgbò sáré wọlé, wọ́n ti da omi sí mi lórí kí ọ̀kan nínú wọn tó wo tẹlifíṣàn, tó ní òun náà ò rí ẹ."

Àṣé ibi orí ni kámẹ́rà yà sí. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ báyìí, mo pòórá. Àga òfìfo àti Mallam Bukar tó ń sùn ni gbogbo Nàìjíríà ń wò.

"Mo kúnlẹ̀ ni, Ìyá."

Ó ní, "Ṣé ẹni náà jù ẹ́ lọ?"

"Wọ́n ju ẹ̀yin gan-an lọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé o bi wọ́n léèrè bódà?"

"Àkókò ò tó."

"Kí lo wá fi àkókò ṣe?"

"Mo kí wọn."

Ìyá mi mí kanlẹ̀. Kò lè bá mi wí, òun ló kọ́ mi.

Màdáámù Láràbá fẹ́ lé mi. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Àńbásádọ̀ pè é, wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń lọ sórí tẹlifíṣàn, àwọn ò gbádùn ètò kan tó o. Ni ọ̀rọ̀ bá tàn láàárín àwọn ẹni ńlá Àbújá pé ètò kan wà tí obìnrin kan á fi àdúrà jẹ àkókò ìbéèrè rẹ tán. Háà! Àwọn tó ń sá fún ètò náà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ láti wá. Wọn kì í béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò mọ́. "Ṣé Sáùtì-Wẹ́ẹ̀sì máa wà níbẹ̀?" ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n tilẹ̀ gbé kámẹ́rà kékeré kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ìkúnlẹ̀ mi nìkan. Àwọn oníbàárà ń ya wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Mo di ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ tó lókìkí jù ní Àbújá, mi ò sì tíì béèrè ọ̀rọ̀ kan rí.

Kì í ṣe pé mi ò gbìyànjú. Mo gbìyànjú kí n kí gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹnu mi kọ̀. Mo gbìyànjú kí n kàn tẹ orúnkún díẹ̀, orúnkún náà á bá mi lọ sílẹ̀ pátápátá. Ìyá mi á pè: "Ṣé o ti bi wọ́n?" Màá ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tí ọdún bá ku sí dẹ̀dẹ̀, Àbújá máa ń ṣófo bí iléèwé tí wọ́n ti gba ìsinmi. Ìgbà yẹn lo máa mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, gbogbo wa kàn ń dúró níbẹ̀ ni. Wọ́n á bi ọ́ pé ọmọ ibo ni ọ́, kò sẹ́ni tó máa sọ pé Àbújá. Ní Iléyá tó kọjá, gbogbo ilé wa kó lọ, ó ku èmi àti ajá onílé. Mo rán owó ẹran sí ìyá mi, mo pè é, mo ń gbọ́ ariwo àwọn èèyàn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìwọ ò sì wá," ó wí.

"Iṣẹ́ ni, Ìyá. Màdáámù ní àga ò gbọdọ̀ ṣófo. Tí mo bá sì kúrò níbẹ̀, ta ló máa bá yín bi wọ́n léèrè bódà?"

Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn, torí mi ò mọ ibi tí mò ń ṣọ́ gan-an. Ní Àbújá, èmi ni gbogbo Yorùbá. Ní ilé, àga tèmi ló ṣófo, kò sì sẹ́ni tó pariwo rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ìyá mi pè pé ojú òsì ti lọ pátápátá. Tọ̀tún ṣẹ́kù bíńtín, bíi kéèyàn máa yọjú láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Kò sunkún. Ó kàn ní, "Ọ̀rọ̀ bódà yẹn o, ìyá mi." Èmi ló ń pè ní ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè rán aṣọ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ dé, Bàbá Àńbásádọ̀ ló tún wà lórí ìjókòó pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn. Wọ́n gbé maikirofóònù fún mi. Ẹni tó ń ṣọ́ kámẹ́rà ilẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń dúró de àdúrà wọn.

Mi ò kúnlẹ̀. Mi ò kí ẹnì kankan. Mo ní, "Bàbá, bódà Nìjẹ̀r, ṣé ó ti ṣí àbí kò tíì ṣí? Bùràímọ̀ àbúrò mi wà ní Niamey, a ò gbúròó rẹ̀. Ojú ìyá wa ti fẹ́ ṣú tán. Ó fẹ́ rí ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mallam Bukar jí. Èmi fúnra mi ò mọ̀ pé ìdajì ìṣẹ́jú gùn tó bẹ́ẹ̀. Bàbá Àńbásádọ̀ wo atọ́kùn ètò, atọ́kùn wo Màdáámù, Màdáámù wo àjà.

"Ìyẹn," Bàbá wí, "sinmi lórí ohun tí a bá pè ní ṣíṣí."

Ẹni kejì ní ó ti ṣí. Ẹni kẹta ní rárá, ẹrù ló ṣí fún, kò ṣí fún èèyàn. Ẹni kẹrin ní èèyàn ló ṣí fún, ẹrù ni kò ṣí fún. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, Bàbá nàró, ẹnìkan fa máàpù tó wà lára ògiri ya níbi tí wọ́n ti ń fìka tọ́ ọ̀nà han ara wọn. Màdáámù ké pé kí wọ́n gbé ìpolówó ọṣẹ sí i.

Mo wà níta lábẹ́ igi, mo ń sunkún, nígbà tí nọ́ńbà àjèjì kan pè mí.

"Àǹtí mi, kí lẹ fi mí ṣe báyìí?"

Bùràímọ̀ ni! Mo pariwo débi pé àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sáré wá. "Ṣé o wà láàyè? Níbo lo wà?"

"Inú bọ́ọ̀sì. Àwọn dírẹ́bà gáréèjì wa ń wo ètò yín lórí fóònù. Bí ẹ ṣe sọ̀rọ̀ tán ni wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, wọ́n kó aṣọ mi, wọ́n gbé mi jókòó níwájú ọkọ̀, wọ́n ní àfi kí n lọ rí ìyá mi. Mo ní ẹ dákun, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ni. Wọ́n ní ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ilé wo lo ti dé?"

"Ilé wa. Bódà ti ṣí tipẹ́. Nọ́ńbà mi tuntun wà lọ́wọ́ Ìyá. Èmi ni mo pa àgbò Iléyá. Yàrá yín ni mo sùn sí."

Orí mi gbóná. "Bùràímọ̀! O wà láàyè, o dé ilé, o ò pè mí? Èmi tí mò ń tìtorí rẹ fi orúnkún gbolẹ̀ níwájú gbogbo Nàìjíríà?"

"Ìyá ní kí n má pè yín." Bẹ́ẹ̀ ló sọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já.

Mo pe ìyá mi. Mi ò tilẹ̀ rántí kí i. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ní kí Bùràímọ̀ má pè mí?"

"Èmi ni," ó wí wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Kí ni mo ṣe fún yín? Ẹ mọ̀ pé bódà ti ṣí, ẹ tún ń rán mi níṣẹ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀!"

"Tí mo bá ní ọmọ ọkùnrin mi ti dé, pé ó wà dáadáa, wàá ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wàá sì padà sídìí iṣẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ bódà ló ń jẹ́ kí o máa pè mí. Òun ló ń jẹ́ kí n máa rí ẹ lórí tẹlifíṣàn. Mo máa ń fi ojú kan ara dígí rẹ̀ kí n lè rí ẹ."

Mo jókòó sídìí igi náà.

"Ọ̀rọ̀ Bùràímọ̀ ni mo fi tàn ẹ́," ìyá mi wí. "Ti ojú mi kì í ṣe ẹ̀tàn. Bùràímọ̀ ti Niamey wá, ó la bódà kọjá. Èwo ni wọ́n tì láàárín Àbújá àti Ògbómọ̀ṣọ́?"

Màdáámù Láràbá jáde, ó ń wá mi. Ó ní ìpolówó ọṣẹ tí wọ́n ń gbé léra léra láti ìgbà yẹn ti fẹ́ parí, kámẹ́rà ń dúró, kí n wá jókòó sórí àga mi. Mo gbọ́ ọ, mi ò yíjú sí i.

"Ìyá," mo ní, "mò ń bọ̀ lọ́la. Kí ni kí n bá yín mú bọ̀ láti Àbújá?"

Ó ní, "Gbé ojú ẹ wá. Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́."